Ìrìn-Àjò Tí Kò Dé Orí Òkè

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò síwájú ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí i, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ mú àròkọ ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí wọ́n kọ nípa ìrìn-àjò mánigbàgbé. Ẹ kà wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Gbogbo wọn ni ó jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀, gbogbo wọn ni ó wẹ̀ tí wọ́n sì jẹun. Mọ́tò wọn lè ta táyà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó dé ibi tí wọ́n ń lọ, inú gbogbo wọn sì dùn dọ́ba. Olúmọ ni o, Ìdànrè ni o, Ìkọ́gọ̀sì ni o, kò sí ẹni tí òjò lé padà rí. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà. Kò sí ọ̀rẹ́ tí ó jókòó sí ìdajì òkè tí ó ní òun kò lè lọ mọ́. Ṣé ayé tí a ń gbé nìyẹn?

N kò bá àwọn ọmọ wí. Àwa olùkọ́ ni a fi ọwọ́ ara wa gbìn ín sí wọn lọ́kàn pé ìrìn-àjò tí ó ṣeé fẹnu sọ ni èyí tí a dé òpin rẹ̀. Àwọn ìwé àpẹẹrẹ àròkọ tí wọ́n ń rà kò ní irú mìíràn nínú. Nígbà tí a bá sì ń máàkì, ẹni tí ó dé ni a máa ń yìn pé àròkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Ẹni tí kò dé, a ó ní kò parí ìtàn. Mo sọ pé irọ́ ni, mo sì sọ pé irọ́ náà léwu.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì SS2 ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìjìó kọ àròkọ oníròyìn ránṣẹ́ sí ìdíje kan. Ìrìn-àjò tí a kó wọn lọ sí Adó-Àwáyè ni ó kọ nípa rẹ̀. Mo wà nínú ìrìn-àjò náà, nítorí náà mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ó kọ. Oṣù kẹwàá ni, ìgbà tí òjò ti ń dágbére. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi kúrò nílé, nítorí ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìwàjọwà rí mọ̀ pé ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. A gba Òkèhò, a gba Ìṣẹ́yìn, ó sì ti di ọ̀sán kí a tó fojú kan òkè.

Fún àwọn tí kò mọ ibẹ̀, Adó-Àwáyè kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Òkè olókùúta ńlá kan ni ó yọrí sí ìlú náà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà yóò tún máa rìn lórí àpáta kí ó tó kan adágún omi Ìyákẹ̀ tí ó wà lókè. (Àwọn tí ń polówó ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa wí pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, pé ìkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Èmi kò mọ ẹni tí ó rìn yí ayé ká tí ó ka adágún orí òkè kí ó tó kéde iye náà. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Ìyákẹ̀ kò nílò àbùmọ́ kí ó tó lẹ́wà.)

A gun àtẹ̀gùn náà tán pẹ̀lú ẹ̀rín àti ariwo. Orí àpáta ni a wà nígbà tí ojú ọ̀run yí padà. Òjò náà kò tilẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀bá òkè mọ̀ pé àpáta tí ewé wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́, tí ó ti dúdú, a máa yọ̀ bí ilá bí omi bá ti kàn án. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba ibi tí a óò tẹ̀ kọjá. Olùkọ́ Jọ́gíráfì tí ó wà pẹ̀lú wa wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, a ó padà.” Àwọn ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku díẹ̀.” Ó ní òun mọ̀ pé ó ku díẹ̀. Bí a ṣe padà nìyẹn.

Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ nìyẹn. Ó kọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàtà rẹ̀ já, tí ó bọ́ ìkejì dání, tí ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ nípa bí àwọn mẹ́rin ṣe di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí ẹni tí ó wà níwájú ń ké sí àwọn tí ó kù níbi tí ó bá ti ń yọ̀. Ó kọ nípa ìdákẹ́jẹ́ inú mọ́tò nígbà tí a ń bọ̀, àti bí ó ṣe ń wo òkè náà láti ojú fèrèsé títí ó fi pòórá. Láti ọdún náà, n kò tíì rí àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ó dára tó o. Ìwé náà padà wá pẹ̀lú èsì kúkúrú láti ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́: ìrìn-àjò náà kò yọrí sí ibì kan, nítorí náà ìtàn kò ní ìparí. Ẹni tí ó gba ipò kìíní kọ nípa bí òun ṣe dé ṣóńṣó orí òkè kan, tí òun sì rí gbogbo ayé láti ibẹ̀. Èmi kò bá a du ẹ̀bùn rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ni mo ń bá jà.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èsì kan náà ni mo ń gbọ́. Wọ́n ní bí a bá ń yin ẹni tí ó padà lẹ́yìn, ọ̀lẹ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ní Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà ojo. Wọn a wá fi òwe tì í: ibi tí à ń lọ là á wò, a kì í wo ibi tí a ti fẹsẹ̀ kọ. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òwe kan ṣoṣo dá ẹjọ́ nílẹ̀ Yorùbá ti gbàgbé pé èkejì rẹ̀ wà nínú àpò àgbà. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ojo ni òwe yìí ń bá wí. Akínkanjú ni ó ń bá wí, pé ìsá wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá, àwa ará Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò máa wí pé ṣóńṣó orí òkè nìkan ni ògo wà. Ta ni kò mọ ohun tí òkè wà fún ní ìlú wa? Ní ayé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibi ààbò ni òkè. Ènìyàn a gun òkè kí ogun má bàa bá a, kì í ṣe kí ó lè fi yangàn lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìgbà bá sì yí padà, a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo Òkèhò. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, ìjọba amúnisìn mú kí ìlú náà kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ láàárín òkè, ní 1917, ó sì wá sí ibi tí ó wà lónìí. Kò wu àwọn ènìyàn náà láti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ìlú mìíràn, àwọn ọmọ wọn sì ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣípòpadà náà ní 2017. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pe àwọn baba wọn ní ojo nítorí pé wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Akọpẹ pẹ̀lú ńkọ́? Bí ó bá na igbà rẹ̀ wò tí ó rí i pé ó ti gbó, ilé ni yóò gbà lọ. Ọ̀pẹ kò ní kúrò níbẹ̀.

Nínú òkun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Scotland, erékùṣù kan wà tí a ń pè ní St Kilda, tí ó jìnnà sí gbogbo ènìyàn. Àpáta tí ó dúró gangan sókè láti inú òkun yí i ká, èyí tí ó ga jù nínú wọn sì ju mítà 400 lọ. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó a máa wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ sí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ láti gun àpáta etí òkun fún ìgbádùn lásán. Ìgbì àti òjò a sì máa lé wọn padà nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ọwọ́ wọn kan òkúta. Wọn a padà sílé, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí, àwọn ènìyàn a sì kà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi St Kilda ṣe ilé kò gun àpáta fún ìgbádùn. Ẹyẹ òkun àti ẹyin rẹ̀ ni oúnjẹ wọn, okùn ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ lójú àpáta láti kó wọn. Ní àràárọ̀ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń pé jọ láti jíròrò iṣẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí ìgbé ayé ibẹ̀ nira ju agbára wọn lọ, àwọn 36 tí ó ṣẹ́ kù bẹ ìjọba pé kí ó wá kó àwọn kúrò, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1930. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó kọ́kọ́ fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lójú àpáta náà.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé òyìnbó ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wa gan-an. Òṣoògùn, ìlú tí a ti kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, wà ní agbègbè Ìṣẹ́yìn kan náà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, wọ́n sì mọ ipa tí ó kó nínú ìtumọ̀ Bíbélì àti nínú kíkọ èdè wa sílẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ Crowther hàn lára rẹ̀, ìròyìn ìrìn-àjò tí ó forí ṣánpọ́n ni?

Ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1841 ni mo ń wí. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán: Albert, Wilberforce àti Soudan. Èrò wọn ni láti bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn kí òwò ẹrú lè dópin, kí wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ ní ìtòsí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Crowther darapọ̀ mọ́ wọn láti Sàró. Oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ inú odò náà. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ibà ti da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú àwọn òyìnbó bí 145 tí ó bá ọkọ̀ náà lọ, nǹkan bí 130 ni ibà mú, nǹkan bí 40 sì kú. Àwọn ọkọ̀ náà kó aláìsàn padà sí etí òkun. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n pa oko náà tì.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn adájọ́ wa ni ó gba ìwé Crowther àti ti ẹnì kejì rẹ̀, J. F. Schön, wọn ì bá ti dá a padà pé kò yọrí sí ibì kan. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní 1842. Dókítà McWilliam, tí ó wà nínú ọkọ̀ Albert, kọ ìwé tirẹ̀ lórí ibà náà ní 1843. Dókítà mìíràn nínú wọn, Thomson, kọ ohun tí ó rí nípa egbòogi kíníìnì sílẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gba odò kan náà lọ lábẹ́ Dókítà Baikie, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n ń lo kíníìnì kí àìsàn tó dé, kì í ṣe ìgbà tí ó bá dé tán, wọ́n sì gba Odò Bẹ́núè lọ sí òkè réré. Ibà kò pa ẹnì kan nínú wọn. A máa ń kọ́ni ní ìtàn 1854 bí ẹni pé ó já bọ́ láti ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ìwé àwọn tí ó padà lọ́nà wà lára ohun tí ó bí i.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1857, Baikie tún gbéra pẹ̀lú ọkọ̀ Dayspring, Crowther tún bá wọn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta ní ìtòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Jẹ́bà kọjá rí yóò ti rí àpáta gàgàrà tí ó yọrí láti inú odò níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé omi ibẹ̀ kì í ṣe omi àwàdà. Etí odò ni wọ́n pàgọ́ sí fún nǹkan bí ọdún kan. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, gba orí ilẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá já dé Èkó láti wá ohun tí wọn yóò jẹ tí wọn yóò sì lò. Òun náà ni ó di gómìnà Èkó nígbà tí ó yá. Crowther àti J. C. Taylor kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà, ó sì jáde ní 1859. Nínú ìrìn-àjò mẹ́ta, ọ̀kan péré ni ó dùn ún gbọ́. Ọkùnrin Òṣoògùn náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ̀ pé wọn yóò bi mí pé, “Fágúnwà ńkọ́?” Wọn yóò rán mi létí pé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó, wọ́n sì dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìwé náà kà, kí ẹ má kà á bí ẹni tí ń wá ìdáhùn ìdánwò. Àkàrà-oògùn kò tijú láti sọ fún wa pé ẹ̀rù ba òun. Kò tijú láti lo egbé kí ó lè bá ara rẹ̀ nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di bó-ò-lọ-yà-fún-mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn tí wọ́n jọ lọ sí Láńgbòdó: kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà rí ilé. Fágúnwà kò fi èyí pamọ́. Àwa ni a máa ń fi í pamọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ni. A ó lo odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí ìmọ̀ràn Ìrágbèje, a ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáré kọjá lórí àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà àbọ̀, bí ẹni pé wọn kò sí nínú ìwé. Mo ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì rí níbi tí olùkọ́ kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé ta ni yóò sọ fún ìyá àwọn tí kò bọ̀. Olùkọ́ ní kò sí nínú síláábọ́ọ̀sì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ìtàn àròsọ, kí ó gba ti gidi. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1909, Ernest Shackleton àti àwọn mẹ́ta tí ó bá a lọ yí padà nígbà tí ó ku nǹkan bí kìlómítà 180 kí wọ́n dé òpin ayé ní gúúsù, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ pátá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó délé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Robert Scott àti àwọn mẹ́rin dé ibẹ̀ gan-an. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó bọ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú ìwé. Ní àkókò yìí, àwọn ọ̀dọ́ a máa rọ́ lọ sí orí òkè wa gbogbo ní ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìsinmi. Inú mi dùn sí i, nítorí ó sàn kí wọ́n mọ ilẹ̀ baba wọn ju kí wọ́n máa wo ilẹ̀ ẹlòmíràn nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ wọn: sílípáàsì ni. Ẹ wo ọwọ́ wọn: fóònù ni. Wọn a kọ ẹ̀yìn sí etí àpáta kí àwòrán lè dára. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ márùn-ún, ẹnì kan a máa wà tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Kí ni yóò sọ? Láti JSS1 títí dé SS3, kò ka àròkọ kan ṣoṣo níbi tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká padà,” tí wọn kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àwa kò fi sí i. Ẹ wí pé mo ń ṣe àsọdùn bí ẹ bá fẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ a máa jẹ́ “Ẹlẹ́rù” títí tí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá.

Ní tèmi, mo ti yí àkọlé padà. Èyí tí mo fún SS2 ní sáà yìí ni “Ọjọ́ tí a kò dé ibi tí à ń lọ.” Lákọ̀ọ́kọ́, ojú wọn dà bí ojú ẹni tí a ní kó wá ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kálámù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀kan kọ nípa òkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí wọn kò lè lọ sin ní òdìkejì ẹnubodè nítorí pé àwọn aṣọ́bodè dá wọn padà. Ọ̀kan kọ nípa ìdánwò tí ó pàdánù nítorí pé odò kún bo afárá. Ọmọkùnrin kan tí kì í kọ ju ojú ìwé kan lọ gba ìwé kún mi lọ́wọ́. Kò sí “inú wa dùn dọ́ba” nínú ọ̀kankan wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìlànà ìmáàkì, mo mọ̀ pé ẹ ó ní èsì. Ẹ kọ ọ́, a ó jọ kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé kálámù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi iye máàkì tí ìwé Àjàyí Crowther ti 1841 yóò gbà lọ́wọ́ yín nínú ogún.